Tí oògùn olóró tàbí ọtí bá ti di bárakú: ibi tí ẹ ti lè rí ìtọ́jú nítòsí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Máfolúkù, Ṣógúnlẹ̀, Òkóta, Ìlàsàmàjà tàbí Àjàó Estate ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta páráàgà láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń fa igbó, wọ́n sì mọ kẹ́mísì tó ń ta tramadol láì béèrè ìwé dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí nǹkan wọ̀nyí ti di bárakú sí lára. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "Yaba Left", ẹ̀rín ni wọ́n sì máa fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín. Ìwádìí kan wà tí àjọ UNODC àti National Bureau of Statistics ṣe jákèjádò Nàìjíríà, National Drug Use Survey 2018 ni wọ́n pè é. Ó fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, bíi 14 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan péré. Iye wọn jẹ́ mílíọ̀nù 14.3. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 33 nínú 100 ni. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó ga tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn o. Nínú èèyàn márùn-ún tó ń lò ó, ẹnì kan ti ní àìsàn tó jẹ mọ́ ọn. Owó, ìtìjú àti àìrí ibi ìtọ́jú wà lára ohun tó ń dí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ lọ́nà.

Nítorí náà la ṣe kọ èyí. Tí ẹ bá ní àbúrò, ọ̀rẹ́, ọkọ, ìyàwó tàbí òbí tó wà nínú rẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni, ẹ tọ́jú ojú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bárakú ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà kò sì jìnnà sí Òṣòdì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ẹ bá kọ́kọ́ kàn ló máa sọ bóyá ẹni yín máa rí dókítà tàbí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti di bárakú?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mu ọtí ní òde àríyá ló ní àìsàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ka bárakú mọ́ àìsàn, àwọn dókítà sì ní àmì tí wọ́n máa ń wò. Ẹ wò ó bóyá èyí tó ju ẹyọ kan lọ wà níbẹ̀:

- Ó ń wù ú ṣáá, kò lè ronú nǹkan mìíràn títí tó fi máa rí i.
- Ó ti sọ pé òun máa dín in kù tàbí pé òun máa jáwọ́, àmọ́ kò ṣeé ṣe.
- Iye tó ń tó o tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan ti di mẹ́rin, kóró tramadol kan ti di odidi káàdì.
- Tí kò bá rí i lò, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, kò ní lè sùn, á sì máa kanra.
- Iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ àti ìdílé ti di nǹkan tí kò bìkítà fún mọ́.
- Ó mọ̀ pé ó ń ba òun jẹ́, síbẹ̀ ó ń lò ó.

Tí ẹ bá rí bíi mẹ́ta nínú èyí, ìwà burúkú nìkan kọ́ lẹ ń wò. Ọpọlọ ti yí padà débi pé ara ń béèrè nǹkan náà bí ẹni ń béèrè oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ìbínú, èébú àti lílù kì í fi í wò ó sàn. Kì í ṣe igbó àti kòkéènì nìkan ló ń ṣe é o. Ọtí, tramadol, omi ikọ́ tó ní codeine, Rohypnol tí wọ́n ń pè ní Refnol, colorado, ice tí àwọn kan mọ̀ sí mkpuru mmiri, gbogbo rẹ̀ ló lè di bárakú. Ìjọba ti fòfin de kíkó omi ikọ́ codeine wọlé àti ṣíṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù ìwádìí jáde lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì tán nígboro.

Ẹ má ṣe tì í mọ́ yàrá pé kó jáwọ́ lójijì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á ti ọmọ mọ́lé, wọ́n á kó ìgò gbogbo dànù, wọ́n á ní "kò sí èyí tó máa mu mọ́ láti òní lọ." Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ó lè pa èèyàn.

Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó bá dáwọ́ dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí díẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè mú un. Ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó máa sọ kántankàntan, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré. Ibi tó le jù nìyẹn, àwọn kan sì ti kú sí i. Bákan náà ni oògùn oorun bíi Rohypnol àti diazepam rí: dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti tramadol, codeine àti heroin yàtọ̀ díẹ̀. Tí èèyàn bá dá a dúró, ara á máa ro ó, inú á máa ṣí, imú á máa ṣomi, oorun ò ní wá. Ó nira gan-an, àmọ́ kì í sábà pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ewu ti tramadol ni pé tí wọ́n bá lò ó jù, òun fúnra rẹ̀ lè fa gìrì.

Tí ẹni yín bá jẹ́ ọ̀mùtí ojoojúmọ́ tàbí tó ń lo oògùn oorun, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kó tó dáwọ́ dúró. Oògùn wà tí dókítà máa ń fún un kí gìrì má bàa mú un, wọ́n á sì fún un ní fítámì B1, nítorí ọtí máa ń tán an lára.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́: fóònù

Tí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pe 0800 1020 3040. Ilà NDLEA ni, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Àwọn tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ ló ń gbé fóònù náà, ẹ sì lè sọ Yorùbá sí wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á ní, "NDLEA kẹ̀? Ṣé kí n fọwọ́ ara mi pe àwọn tó ń mú èèyàn ni?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí àjọ yìí kan náà ló ń mú àwọn tó ń ta oògùn olóró láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1989, kíkó oògùn olóró pamọ́ sí ara tàbí sí ilé sì lòdì sófin. Àmọ́ ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ni wọ́n dá ilà yìí sílẹ̀ fún. Tí ẹ kò bá fẹ́ dárúkọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ló ń lo tramadol, ẹ júwe ibi tí a lè gbé e lọ fún wa." Ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Yábàá: ibi tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́

Federal Neuropsychiatric Hospital tó wà ní Harvey Road, Yábàá, ni àwọn èèyàn ń pè ní Yaba Left. Ọdún 1907 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń kó àwọn tí orí wọn dàrú pamọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtìjú orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lóde òní, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn dókítà ọpọlọ, nọ́ọ̀sì, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá ìdílé sọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ẹni tí oògùn àti ọtí ti di bárakú sí lára. Kì í ṣe pé ẹni tó bá wọlé ti ya wèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Láti Òṣòdì, ẹ lè wọ dánfó tó ń lọ sí Yábàá. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, nítorí èrò máa ń pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ẹ mú ẹnì kan tó mọ ìtàn aláìsàn náà dáadáa dání, kó sì jẹ́ ẹni tó lè dúró fún un. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó ń lò sílẹ̀, iye tó ń lò lóòjọ́, ìgbà tó lò ó kẹ́yìn, àti àìsàn mìíràn tó bá ní, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ ife tàbí gìrì. Ìwé pélébé yẹn máa gba àkókò yín, ó tún lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ọsibítù yìí ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Tí ọmọ tó ń lo oògùn kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ béèrè ẹ̀ka yẹn ní pàtó. Kò yẹ kí ọmọ ọdún 15 máa bá àwọn àgbàlagbà gbé wọ́ọ̀dù kan náà.

Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn tó wà nítòsí

LUTH, Ìdí-Àràbà. Ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀ tàbí Ìlàsàmàjà lè gba Múṣin débẹ̀. Ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni, ó ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ. Ó dára gan-an fún ẹni tó ní àìsàn mìíràn pẹ̀lú bárakú, bí ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ nítorí ọtí, nítorí gbogbo dókítà wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

LASUTH, Ìkẹjà. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni. Ó rọrùn fún àwọn tó wà ní Ṣógúnlẹ̀ àti Máfolúkù.

General Hospital Ìsọlọ̀ àti ilé ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò yín. Ẹ má retí pé wọ́n máa dá a dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àmọ́ dókítà ibẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó tọ́jú ohun tó jẹ́ pàjáwìrì, kó sì kọ ìwé tó máa fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Ìwé yẹn máa ń mú kí ọ̀nà tètè là. Ẹni tó ń tijú "Yaba Left" lè kọ́kọ́ gba ibẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe ibà ló gbé e débẹ̀.

Arò, Abẹ́òkúta. Àwọn kan fẹ́ kí ẹni wọn jìnnà sí àdúgbò, kó má bàa máa rí àwọn tí wọ́n jọ ń fà á. Neuropsychiatric Hospital Arò ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ló sọ ibẹ̀ di olókìkí káyé láti ọdún 1954, nígbà tó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, tí mọ̀lẹ́bí wọn sì wà pẹ̀lú wọn, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Ibẹ̀ ní ẹ̀ka pàtó fún ìtọ́jú bárakú oògùn, DATER ni wọ́n ń pè é.

Àwọn ẹlẹ́sìn àti àjọ aládàáni. Ìjọ Rídíìmù ní Christ Against Drug Abuse Ministry, tí wọ́n ń pè ní CADAM, tó ní ibùdó ní Ẹ̀pẹ́. Freedom Foundation ní House of Refuge fún àwọn ọkùnrin tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn, ó sì ní Genesis House fún àwọn obìnrin tó bá ara wọn nínú ìnira. Irú ibùdó báyìí wúlò fún ẹni tí kò ní ilé tó lè padà sí. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ ọ̀mùtí ojoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí ọsibítù kọ́kọ́ yọ ọtí náà lára rẹ̀ ná.

Ìpàdé àwọn tó ti jáwọ́. Alcoholics Anonymous, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, àti Narcotics Anonymous ní ìpàdé ní Èkó. Ẹnu ọ̀nà wọn kò ní owó, wọn kì í béèrè orúkọ ìdílé. Wọn kì í ṣe ọsibítù, àmọ́ lẹ́yìn ọsibítù, àwọn ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn obìnrin. Ìwádìí 2018 yẹn sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ń lo oògùn ní Nàìjíríà ni obìnrin. Ìtìjú tiwọn pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà wọ́n máa ń fi pamọ́ títí ó fi máa bàjẹ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́ọ̀dù obìnrin wà lọ́tọ̀, bóyá nọ́ọ̀sì obìnrin wà, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó lóyún. Aboyún tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ láì rí dókítà.

Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni lọ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, wọ́n bá àwọn ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 300 níbẹ̀. Àwọn kan wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn òbí ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀, wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kéwú tí wọ́n sì ń tún ọmọ tó ń lo oògùn ṣe ni. Ẹ má rò pé Òkè Ọya nìkan ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ọlọ́pàá kó 259 èèyàn jáde kúrò ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Òjóò, Ìbàdàn. Lóṣù náà gan-an, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí ibi 28 tí wọ́n lọ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibùdó àwọn mùsùlùmí, kódà ní ibi tó jẹ́ ti ìjọba.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe àwọn òbí burúkú ló kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Àwọn tó ti rẹ̀, tí wọn ò mọ ibòmíràn, ni. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ibikíbi, ìbáà jẹ́ ti ìjọ yín, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

1. Dókítà ọpọlọ wo ló ń wá síbí, ọjọ́ wo ló ń wá? Ṣé mo lè rí i?
2. Ṣé ìwé àṣẹ ìjọba wà? Ẹ fi hàn mí.
3. Ṣé mo lè wọ ibi tí wọ́n ń sùn kí n fojú ara mi rí i?
4. Ìgbà wo ni mo lè wá wò ó, ṣé a sì lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù?
5. Kí lẹ máa ń ṣe tí inú bá ń bí aláìsàn tàbí tó bá fẹ́ sá lọ?
6. Tí gìrì bá mú un lóru, ta ló wà níbẹ̀, ọsibítù wo lẹ máa gbé e lọ?
7. Èló ni gbogbo rẹ̀, kí ló sì wà nínú owó náà?
8. Tó bá parí, kí lẹ máa ń ṣe láti tẹ̀ lé e?

Tí wọ́n bá kọ̀ kí ẹ wọlé, tí wọ́n ní ẹ kò gbọdọ̀ rí i fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ní àwọn ń "fi pàṣán lé ẹ̀mí igbó jáde", tàbí tí ẹ rí ṣéènì níbikíbi, ẹ yí padà. Àdúrà dára, kò sí dókítà tó máa ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi àdúrà rọ́pò dókítà, tàbí tó fi ebi àti ẹgba kún àdúrà, ìyẹn ló léwu.

Òfin náà ti yí padà. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò Lunacy Act ayé ìgbà amúnisìn. Òfin yìí gbà pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́: kí wọ́n bu ọlá fún un, kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún un, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó

Ọsibítù ìjọba kì í ṣe ọ̀fẹ́, àmọ́ ó sábà máa ń dínwó gan-an ju ti aládàáni lọ. Owó tí ẹ máa ń rí ni ti káàdì, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ti oògùn, ti bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ, àti owó ìdúró tí wọ́n máa gbà kó tó wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ má gbé gbogbo owó ilé lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ san ti káàdì, ẹ rí dókítà, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò kí wọ́n dá a dúró: àwọn kan ń wá láti ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, owó tiwọn sì kéré púpọ̀.

Tí ẹ bá wà lórí ètò ìlera ìpínlẹ̀ Èkó, Ìlera Èkó, tàbí tí ibi iṣẹ́ yín bá forúkọ yín sílẹ̀ fún ètò ìlera, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa san nínú rẹ̀. Tí owó kò bá sí rárá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé ní ọsibítù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ọ̀nà àbáyọ.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀. Báyìí ló sábà máa ń lọ:

Àyẹ̀wò. Dókítà á béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ẹ sọ òtítọ́. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá.

Yíyọ oògùn náà lára. Èyí máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó wà lọ́wọ́ ohun tó ń lò. Tó bá parí, ojú á mọ́, oúnjẹ á máa wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdílé á ní "ó ti yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò tíì yá o. Ara ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ọkàn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú ọkàn. Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan àti láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láti mọ ohun tó gbé e dé ìdí rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni àbí àìríṣẹ́? Ìrora ẹ̀yìn tó fi bẹ̀rẹ̀ tramadol ni àbí àìsàn ọpọlọ mìíràn tó wà lábẹ́ rẹ̀? Wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe tó bá tún ń wù ú. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan.

Títẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Á máa padà wá rí dókítà. Fún ọtí, oògùn wà tó lè jẹ́ kó má wù ú mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè bá a sọ ọ́

Ẹ má bá a sọ ọ́ nígbà tó ti mu ún yó. Ẹ má sọ ọ́ lójú èrò. Ẹ dúró di àárọ̀, kí ojú rẹ̀ mọ́, kó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: "Brọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń rí i pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti pe ibì kan, wọ́n ní a lè wá ní Mọ́ńdè. Mo máa bá yín lọ." Ohun tí ẹ rí lẹ sọ, bó ṣe ń ṣe yín lẹ sọ, ẹ sì mú ọjọ́ kan pàtó wá. Kò sí "ọ̀mùtí" nínú rẹ̀, kò sí "o ti ba ayé rẹ jẹ́."

Tó bá kọ̀, ẹ má jà. Ẹ tún sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ wá ẹni tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ má fún un lówó lọ́wọ́, ẹ fún un ní oúnjẹ. Ẹ̀yin náà sì lè lọ rí dókítà fún ìmọ̀ràn láì mú un lọ.

Tó bá ti padà sílé

Kò sí ọjọ́ tó léwu bí ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde. Ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn náà. Tó bá padà lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, iye yẹn lè pa á, pàápàá tramadol, codeine àti heroin. Ẹ sọ èyí fún un kedere, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo ilé.

Tó bá ṣubú padà, ẹ má ní owó ti ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dúró, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń padà ga tí èèyàn bá fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà sí ọsibítù kíákíá. Ohun tó máa ń gbé èèyàn dúró ni iṣẹ́ tó ń ṣe láàárọ̀, ọ̀rẹ́ tuntun, àti ọ̀nà tí kò gba iwájú ibùdókọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta á kọjá. Fún ẹni tó ń gbé ní Òṣòdì, ìyẹn lè túmọ̀ sí pé kó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n níbòmíràn fún ìgbà díẹ̀.

Tó bá jẹ́ pàjáwìrì

Ẹ pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì ní Èkó, tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí: kò jí nígbà tí ẹ ń pè é, èémí rẹ̀ ń lọ́ra tàbí ó ń han-run lọ́nà tó yàtọ̀, ètè rẹ̀ ti ń di dúdú tàbí eérú, gìrì mú un, ó ń rí ohun tí kò sí, tàbí ó ń sọ pé òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun.

Kí wọ́n tó dé, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí èébì má bàa dí i lọ́fun. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ má ti ṣíbí bọ ẹnu ẹni tí gìrì mú. Ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan pé "ẹ jẹ́ kó sùn, á dá lójú rẹ̀." Ẹ mú páálí tàbí ìgò ohun tó lò dání lọ sí ọsibítù.

Ẹ tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta yìí sínú fóònù yín nísinsìnyí, kí ẹ tó kúrò lójú ìwé yìí: 0800 1020 3040 fún ìmọ̀ràn, 112 àti 767 fún pàjáwìrì. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó lè nílò rẹ̀. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fi ránṣẹ́.